Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa: Ká Fi Kẹ́míkà Sílẹ̀, Ká Má Fi Àjẹsára Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù

   

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí àwa akọ̀wé wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè sin adìẹ lẹ́yìnkùlé láìlo kẹ́míkà. Ẹnu àwọn tó ń ta ẹyin lọ̀rọ̀ náà ti jáde, nítorí àwọn oníbàárà ti ń béèrè pé, "Màmá, ṣé kò sí òògùn nínú ẹyin yìí?" Àwa ò kàwé púpọ̀ o. Ìwé mẹ́fà la kà. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń sin adìẹ, a sì tún lọ jókòó ti dókítà ẹran, a bi í ní èyí tí a ò mọ̀. Ohun tí ojú wa rí àti ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ la fẹ́ sọ.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí a fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín.

Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún 2011. Adìẹ 23 la ní nílé. Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, a ra àkùkọ ńlá kan lọ́jà, ó wù wá, a sì tú u sáàárín àwọn tiwa lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí ìdúró. Ìyẹ́ apá wọn wálẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn mìíràn sì lọ́ sẹ́yìn. A sáré ra kápúsù tetracycline, a tú u sínú omi wọn. Ṣebí ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ṣáà ń kú. Nígbà tó ku mẹ́jọ, a ní kàkà kí gbogbo ẹ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́, ká yáa ta èyí tó ṣì lè dìde. A kó márùn-ún fún alágbàtà kan, ó tà wọ́n ní ọ̀pọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó ń ta èlùbọ́, ló ra méjì nínú wọn. Kò pa wọ́n jẹ, ó fẹ́ sìn wọ́n ni. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, adìẹ 18 ló kú nílé rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi wọ́n san. Ó sunkún wá bá wa. Alágbàtà ti sọ fún wa pé òun ló rà á, a mọ̀, ṣùgbọ́n a kàn bá a kẹ́dùn ni, a ò lè la ẹnu sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ wá nínú láti ìgbà náà. Nígbà tí ẹ ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí adìẹ, a rí i pé a ò lè dìde níwájú yín láìkọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀. A lọ, a kúnlẹ̀, a sọ ọ́. Ó dákẹ́, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó wá ní òun ti gbọ́, ká lọ sọ ọ́ nínú ìpàdé, ká má ṣá dárúkọ òun, kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní tiwa, àwa gan-an là ń jẹ kòkòrò náà, aládùúgbò wa ni ò rí oorun sùn.

KÍ LÓ PA WỌ́N?

Lùkúlùkú ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Newcastle, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i ní nǹkan bí ọdún 1926. Ní Nàìjíríà níbí, èyí tí àwọn dókítà ẹran kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ló ti jà, láti oṣù Kejìlá ọdún 1952 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Ẹ wo ìgbà náà dáadáa: ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta adìẹ tán kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Kápúsù ò lè wo lùkúlùkú. Kòkòrò tí kápúsù ń pa yàtọ̀, èyí tó ń fa lùkúlùkú yàtọ̀. Ewé náà ò lè wò ó. A ti lo ewúro, a ti lo áyù, a ti lo ata gbígbẹ, a ti lo ọ̀sàn wẹ́wẹ́. Kò sí òògùn òyìnbó, kò sí àgbo, tó ń lé e jáde bó bá ti wọ ara adìẹ. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀, kó tó dé ni a sì gbọ́dọ̀ ti fún wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé adìẹ sísìn láìlo kẹ́míkà ni pé kéèyàn má fún adìẹ ní àjẹsára, ẹ bi í pé adìẹ mélòó ló kù nílé rẹ̀.

ÀWỌN KẸ́MÍKÀ TÓ YẸ KÁ FI SÍLẸ̀

Èkínní ni kápúsù inú omi. Adìẹ tó bá mu ún lónìí, ó lè jáde nínú ẹyin tó yé lọ́la, ó sì lè wà nínú ẹran rẹ̀. Tí àwọn ọmọ wa bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò àrùn á di ọ̀gá fún òògùn. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá ṣàìsàn gidi, òògùn náà ò ní ràn án mọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2006 ni àwọn ìlú Yúróòpù tó para pọ̀ ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa fi irú òògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra. Bí dókítà ẹran bá kọ ọ́ fún adìẹ tó ń ṣàìsàn, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó la ò gbọdọ̀ fi ta ẹyin rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa á mọ́.

Èkejì ni ọ̀tápiápiá tí a máa ń fọ́n sínú ilé adìẹ nítorí iná ara adìẹ. Ohun tó sábà máa ń wà nínú ẹ̀ ni dichlorvos. Adìẹ ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀, ó ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń gbé májèlé náà mì. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀wà mọ ohun tí májèlé yìí ṣe fún wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú ẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó di ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké láàárín ọjà. Oníbàárà tó bá sá, kì í tètè padà. Bí a ò bá fẹ́ kí wọ́n sá fún ẹyin wa bí wọ́n ṣe sá fún ẹ̀wà wa, ìsinsìnyí ló yẹ ká ṣọ́ra.

Ẹ̀kẹta ni òògùn apakoríko. A ń fọ́n ọn sí ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ kejì adìẹ ń jẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ paraquat, bí èèyàn bá ṣèèṣì mu díẹ̀ nínú ẹ̀, kò sí ohun tó ń rọ̀ ọ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Bí ẹ bá ṣì rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má rà á, ẹ má sì bá wọn tà á.

BÍ A ṢE Ń ṢE É LÁÌLO KẸ́MÍKÀ

1. Ilé adìẹ. Kó ga sílẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn máa wọlé, kí ojò má wọlé. Ẹ má fún wọn pọ̀. Ẹ da èérún pákó gbígbẹ láti sọ́ọ̀mìlì sílẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ibi tó bá tutù, ẹ kó o kúrò lọ́jọ́ náà. Ibi tó tutù ni kòkòrò inú ìfun àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń mú òròmọdìẹ.

2. Omi. Ẹ fọ abọ́ omi wọn ní àràárọ̀. Omi tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè mu, ẹ má fún adìẹ. Ẹ gbé abọ́ náà sórí bíríkì kí wọ́n má baà yàgbẹ́ sí i.

3. Iná ara adìẹ. Eérú ni òògùn rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré síbi tí òjò ò lè dé, ẹ da iyanrìn gbígbẹ àti eérú igi tó ti tutù sínú ẹ̀. Adìẹ fúnra rẹ̀ á wọ inú ẹ̀, á máa fi wẹ̀. Eérú igi o, kì í ṣe eérú ọ̀rá tí a sun. Inú ìtẹ́ tí wọ́n ń yé sí, ẹ fi ewé dongoyárò gbígbẹ sábẹ́ koríko, kẹ́ ẹ sì máa sun koríko àtijọ́ níná lẹ́yìn tí àgbébọ̀ bá ti pa ọmọ tán.

4. Oúnjẹ. Ọjà wa kún fún oúnjẹ adìẹ. Eèrí ògì, eèrí bàbà, ẹ̀fọ́ tó rọ, tòmátì tó fọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Èèpo gbágùúdá, ẹ sá a gbẹ dáadáa lóòrùn kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí májèlé wà nínú èyí tó tutù. Àgbàdo tó ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má sọ pé adìẹ lásán ni. Èèpo ẹyin àti karawun ìgbín, ẹ yan án, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Òun ló ń mú kí èèpo ẹyin le. Èèpo ẹyin tí a ò lọ̀ ló ń kọ́ adìẹ ní jíjẹ ẹyin ara rẹ̀. Ikán náà dára púpọ̀ fún òròmọdìẹ. Ẹ da ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo sínú ìkòkò àtijọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dojú rẹ̀ dé ibi tí ikán wà ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá di òwúrọ̀, ẹ ṣí i.

5. Àlejò adìẹ. Adìẹ tuntun tí ẹ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14, jìnnà sí àwọn tó wà nílé. Àwọn tilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Ká ní a ṣe èyí lọ́dún 2011 ni, àkùkọ yẹn nìkan ni ìbá kú.

6. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ọ̀pá àti nẹ́ẹ̀tì là á láàárín. Kí adìẹ máa jẹ̀ ní apá kan, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí apá kejì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ pààrọ̀ wọn. Adìẹ á tan koríko, á jẹ kòkòrò, á sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ tó ń bọ̀. Ìgbẹ́ tí wọ́n yà ní apá àkọ́kọ́ á gbẹ, òòrùn á pa ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ẹ̀ kí wọ́n tó padà débẹ̀. Koríko tó bá kù, ọkọ́ la ó fi ro ó, kí a sì fi bo ìdí ẹ̀fọ́ kí ilẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ má sun ún.

7. Ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ má da tútù sí ìdí ẹ̀fọ́, ó gbóná, á jó o. Ẹ kó o jọ, ẹ fi ewé gbígbẹ tó ìlọ́po rẹ̀ méjì lù ú, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tó bá tó oṣù mẹ́ta, tí kò rùn mọ́, tó dúdú bí ilẹ̀ inú igbó, ó ti di ajílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀, kó dì í sí àpò, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò á rà á.

ÀBÁ TÍ A MÚ WÁ

Ìbéèrè tó kù ni pé, bí àjẹsára bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kì í fún wọn? A bi ara wa, ìdáhùn sì rọrùn. Ìgò kan wà fún adìẹ 100, òmíràn wà fún 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní. Bí a bá sì ti pò ó, kò ju wákàtí méjì lọ tó fi yẹ kó tán. Ta ló fẹ́ ra ìgò adìẹ 200 fún adìẹ mẹ́wàá? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, àbá wa nìyí:

Èkínní, ká dá àjọ àjẹsára sílẹ̀. Àwọn tó wà ní àdúgbò kan náà, kí wọ́n para pọ̀, kí wọ́n ka adìẹ wọn, kí wọ́n dá owó, kí wọ́n sì yan ọjọ́ kan. Kí dókítà ẹran wá, tàbí kó kọ́ ẹni méjì nínú wa bí a ṣe ń kán an sójú adìẹ. Oṣù Kẹwàá ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé, ká sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Inú kúlà tí a kó áìsì sí ni kí wọ́n fi gbé e wá, torí oòrùn ń pa á. Èyí tí a bá pò mọ́ omi mímu, kó jẹ́ omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́, kó má jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi òògùn sí. Ẹ fi òùngbẹ gbẹ wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì kí wọ́n lè mu ún tán. Adìẹ tó ti ń ṣàìsàn, ẹ má fún un, àjẹsára kì í wo àìsàn.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí má ta adìẹ tó ń ṣàìsàn mọ́. Èyí tó bá kú, kí a sin ín jìn, kí a da eérú lé e, kí a má jù ú sí gọ́tà. Ẹ̀yin tó ń ta adìẹ láàyè, ẹ máa fọ àgò yín, kí ẹ sì máa sá a sóòrùn. Adìẹ tí kò bá tà, ẹ má tú u padà sáàárín àwọn tilé. Bí adìẹ púpọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má tú ìyẹ́ wọn, ẹ má pa èyí tó kù jẹ, ẹ pe dókítà ẹran. Ó lè jẹ́ lùkúlùkú, ó sì lè jẹ́ àrùn adìẹ tó ń mú èèyàn, èyí tó wọ Nàìjíríà láti Kàdúná ní oṣù Kejì ọdún 2006, tó pa obìnrin kan ní Èkó lọ́dún 2007, tó sì tún padà wá lọ́dún 2015. Ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù. A mọ ohun tó ń mú èèyàn ta adìẹ àìsàn. Àìní ni. Ó mú àwa náà. Bí a bá kàn sọ fún obìnrin pé kó sin owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́, á dúró di òru kó tó kó o lọ sọ́jà ibòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí lùkúlùkú bá wọ ilé rẹ̀, tó bá tètè sọ, tó sì sin èyí tó kú, kí àwọn tó wà nínú àjọ rẹ̀ fún un ní àgbébọ̀ méjì àti àkùkọ kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi oṣù kan tún ilé adìẹ rẹ̀ ṣe, kó sá a sóòrùn dáadáa, kí wọ́n tó gbé e fún un. Tó bá pa ọmọ, tí wọ́n dàgbà, kó dá iye tó gbà padà fún ẹlòmíràn tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ìyá wa ti ń gba adìẹ ara wọn sìn tipẹ́tipẹ́.

Àwa akọ̀wé la ó bẹ̀rẹ̀. Àgbébọ̀ mẹ́rin àti àkùkọ kan, tí a ti fún ní àjẹsára, ti wà nínú àgò nílé wa. Ìyá eléèlùbọ́ ló ni wọ́n. A mọ̀ pé kò tó adìẹ 18, a ó máa san èyí tó kù bí tiwa bá ṣe ń pa ọmọ.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú iye adìẹ tó wà nílé rẹ̀ wá, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ ní àdúgbò-àdúgbò, kí a sì dìbò lórí àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò ní adìẹ náà, kó wá, torí òun náà ń jẹ ẹyin.

 Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ilé, á bá wa ṣọ́ ọjà. Àgbébọ̀ wa á pa ọmọ, àwọn ọmọ á yè.